Ọwọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà?

Àpò kọfí kan tí ó ti oko wá ní agbègbè Volta, tí ó sì dé ẹnu ibodè èbúté Tema, kò lè wọ inú ọkọ̀ ojú omi nípa agbára àwọn alárùú nìkan. Bí ó ti wù kí apá wọn le tó, àpò náà yóò dúró sí ojú kan títí ètò kọ̀ǹpútà yóò fi mọ ẹni tí ó ni ín, bí ó ti wúwo tó, iye tí ó tó, àti ilẹ̀ tí ó ń lọ. Bákan náà ni agolo kọfí tí ó ti òkè òkun dé: kò lè jáde lọ sí ọjà Accra bí ètò náà kò bá tíì sọ pé owó ìjọba ti pé. Láyé àtijọ́, òǹtẹ̀ àti yíǹkì ni wọ́n fi ń ṣí ibodè. Lónìí, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Tema kì í ṣe ìlú àjèjì sí àwa Yorùbá. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà àti Ṣakí ti ń ṣòwò káàkiri ilẹ̀ Ghana fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí àṣẹ ìjọba Busia ti oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn padà wá sílé. Abúlé apẹja ti àwọn Gà ni Tema jẹ́ kí ìjọba Kwame Nkrumah tó sọ ọ́ di ìlú ńlá, tí a sì ṣí èbúté rẹ̀ ní ọdún 1962. Gbogbo ẹni tí ó fẹ́ òmìnira Áfíríkà ni ó yangàn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ́ èbúté náà mọ ohun kan dájú: òkun kì í sinmi. Bí a bá gbẹ́ iyanrìn jáde lónìí, yóò tún wọlé lọ́la. Bí a bá to òkúta lónìí, ìgbì yóò máa lù ú ní òru àti ní ọ̀sán. Nítorí náà ni iṣẹ́ èbúté kò fi parí ní ọjọ́ tí a gé okùn ìṣílé.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Ohun tí ènìyàn kò bá lè tún ṣe, kò tíì di tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti san owó rẹ̀ tán. A mọ èyí nípa ilé, a mọ̀ ọ́n nípa ọ̀nà, a sì mọ̀ ọ́n nípa èbúté. Ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀ ọ́n nípa àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó ti di ibodè ọrọ̀ ajé wa. A ń ṣe ayẹyẹ nígbà tí wọ́n bá dé, a sì ń gbàgbé wọn lẹ́yìn ayẹyẹ.

Ẹ jẹ́ kí á fi ìtàn ìkòkò kọfí kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1991, ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí kan ń mu kọfí láti inú ìkòkò kan ṣoṣo tí ó wà ní yàrá tí à ń pè ní Trojan Room. Àwọn kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ ní yàrá tí ó jìnnà sí ibẹ̀. Wọn a fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọn a rìn dé ìdí ìkòkò, wọn a sì bá a ní òfìfo. Quentin Stafford-Fraser àti Paul Jardetzky bá gbé kámẹ́rà kan kọjú sí ìkòkò náà, wọ́n sì kọ ètò méjì: ọ̀kan tí yóò máa gba àwòrán, àti èkejì tí yóò máa fi í hàn lójú kọ̀ǹpútà oníkálùkù. Àwòrán kékeré tí kò ní àwọ̀ ni, bí ìgbà mẹ́ta péré ni ó sì ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ìkòkò kọfí kì í yára kún, nítorí náà ó tó wọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, Daniel Gordon àti Martyn Johnson, ní ibi iṣẹ́ kan náà, tún ètò náà ṣe kí ó lè fi àwòrán náà hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó wà ní Amẹ́ríkà tàbí ní Japan lè rí bóyá kọfí wà ní Cambridge tàbí kò sí. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ni ó wò ó, àwọn onímọ̀ sì gbà pé òun ni kámẹ́rà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kíyèsí i pé kì í ṣe àwọn tí ó dá ètò náà sílẹ̀ ni ó gbé e dé ojú ayé. Àwọn tí ó tún un ṣe ni. Bí kò bá sí iṣẹ́ wọn, inú ilé kan ṣoṣo ni òkìkí rẹ̀ ìbá mọ.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà ní apá kejì. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 2001, wọ́n pa kámẹ́rà náà. Ẹ̀ka náà ń kó lọ sí ilé tuntun, ètò náà sì ti gbó débi pé ìtọ́jú rẹ̀ ti di ẹrù tí kò sí ẹni tí ó fẹ́ gbé mọ́. Wọ́n ta ìkòkò ìkẹyìn ní £3,350 fún ilé ìwé ìròhìn Der Spiegel ti ilẹ̀ Jámánì. Ìkòkò náà ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ Krups, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀m̀báyé Heinz Nixdorf ní ìlú Paderborn láti ọdún 2016. Ìkòkò rí alátùn-únṣe. Ètò kò rí. Ìkòkò wà láàyè títí di òní. Ètò ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.

Olùkàwé lè béèrè pé: báwo ni ètò kọ̀ǹpútà ṣe ń gbó? Kò ní irin tí yóò dógùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ikán kì í jẹ ẹ́. Ìdáhùn ni pé ayé tí ó yí i ká ni ó ń yí padà. Ẹ wo àwọn ètò tí àwọn olùfẹ́ kọfí ń lò lórí fóònù: irú èso tí wọ́n rà, ọjọ́ tí a yan án, bí wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná tó, bí omi ti gbóná tó, àti iye ìṣẹ́jú tí ó fi sẹ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀, kí adùn àná má baà sọnù lónìí. Lọ́dún kejì, fóònù tuntun dé, kò sì ṣí ètò náà dáadáa mọ́. Àwọn ètò kéékèèké tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ yí padà, ọ̀kan kò sì bá èkejì mu mọ́. Olè rí ihò tí ẹnikẹ́ni kò rí tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ń lò ó pọ̀ sí i, ó sì ń lọ́ra. Bí kò bá sí ẹni tí ń mójú tó o, ní ọjọ́ kan yóò dákẹ́, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta yóò sì bá a lọ. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń fojú kéré iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, a kéde pé ihò ńlá kan wà nínú OpenSSL, ìyẹn ètò tí apá tí ó pọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì fi ń pa àṣírí mọ́, títí kan ọ̀rọ̀ owó. Ìgbà náà ni aráyé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ènìyàn díẹ̀ ni ó ń tọ́jú ètò náà, àti pé ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ń fi gbogbo àkókò iṣẹ́ rẹ̀ ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ tí ó lówó jù lọ ní ayé ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni tí ó béèrè bí alátùn-únṣe rẹ̀ ti ń jẹun. Bí àwọn ọlọ́rọ̀ bá ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní owó tí wọn yóò fi tún un ṣe ní kíákíá. Kí ni àwa ní?

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Tema. Ní ọdún 2000, ìjọba Ghana àti àwọn alájọṣe rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ GCNet sílẹ̀ kí ó lè sọ iṣẹ́ àwọn aṣọ́bodè di iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ SGS ti ilẹ̀ Switzerland ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ètò tí wọ́n sì lò tẹ̀lé àwòkọ́ṣe Singapore àti Mauritius. Ní ọdún 2003 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tema. Kò sí ẹni tí yóò sọ òtítọ́ tí yóò ní kò ṣe àǹfààní. Ìwé tí ẹnìkan ń gbé kiri láti ọ́fíìsì kan dé èkejì di ohun tí a lè fi ránṣẹ́ láti orí àga kan. Àwọn ọmọ Ghana sì wà tí wọ́n fi ọdún pípẹ́ kọ́ bí ètò náà ti rí nínú àti lóde.

Ní ọdún 2020, ìjọba fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. ICUMS ni orúkọ rẹ̀. Ètò UNI-PASS ti ilẹ̀ Kòríà Gúúsù ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Ghana Link àti CUPIA ti Kòríà ni ó sì gbé e wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn oníṣòwò àti àwọn ejẹ́ǹtì tí ń gba ẹrù jáde ráhùn pé ẹrù wọn ń pẹ́ ní èbúté. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ ètò àtijọ́. Àwa kò dá ẹjọ́ pé ti àkọ́kọ́ ni ó dára jù tàbí ti ìkejì. Ohun tí ó dùn wá ni pé lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlógún, nígbà tí ó di pé kí a ní ètò tí ó sàn jù, ọ̀nà tí a rí ni pé kí a gba òmíràn láti ọ̀nà jíjìn, kí gbogbo ènìyàn sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ABD.

Kí àwa ará Nàìjíríà má ṣe fi aládùúgbò wa rẹ́rìn-ín. Àwọn aṣọ́bodè tiwa ti lo ASYCUDA. Wọ́n ti lo NICIS lẹ́yìn rẹ̀. Ní àìpẹ́ yìí wọ́n tún gbé B'Odogwu dé. Orúkọ ń yí padà, àwọn olórí ń yí padà, ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ kò yí padà: nígbà tí ètò náà bá dúró ní òru ọjọ́ Àìkú, ta ni a óò pè? Ṣé yóò gbọ́ èdè wa? Ṣé ó ní àṣẹ láti ṣí i wò? Tàbí a óò dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ ní ìlú ẹlòmíràn?

Àwọn kan yóò wí pé: ètò tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe tán wà lọ́jà, kí ni a ń da ara wa láàmú sí? Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n òtítọ́ nínú. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó ṣe ohun gbogbo fún ara rẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú kíkọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ ará Kòríà tàbí ará Singapore. Wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe fún wa tí ó dára púpọ̀, nítorí pé àwọn náà kọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n kọ́ di tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tí ó ra ilé àti ẹni tí ó yá yàrá. Ayálégbé lè gbé ní àlàáfíà fún ogún ọdún. Ọjọ́ tí onílé bá dé ni yóò mọ̀ pé òun kò lè yí ilẹ̀kùn padà.

Ìdí mìíràn wà tí ó kan ẹ̀yin olùkọ́ ju gbogbo ènìyàn lọ. Àwọn àtúnṣe kan wà tí ó jẹ́ pé ọmọ onílẹ̀ nìkan ni yóò ronú kàn wọ́n. Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìyẹn ìlànà tí àwọn kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń mọ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ohùn sí orí ẹ tàbí ọ, kò sí ààyè kan ṣoṣo tí a yàn fún un. Kọ̀ǹpútà ni ó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀. Nítorí náà ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ni a lè gbà tẹ orúkọ kan náà. Ojú ènìyàn kò ní í rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí a kò kọ́ ní ọgbọ́n yìí yóò sọ pé òun kò mọ olúwarẹ̀ rí. Àwọn Gà àti Ewé, tí wọ́n ní ɛ àti ɔ nínú èdè wọn, mọ irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò jí ní Seoul tàbí ní California kí ó fi èyí ṣe iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti fóònù olówó pọ́ọ́kú, àti ti íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ń wá tí ó ń lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, Ghana àti Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí iṣẹ́ dàrú fún. Ètò tí ó lè pa iṣẹ́ mọ́ sínú fóònù títí ọ̀nà yóò fi là, ẹni tí ó mọ ìyà wa ni yóò kọ ọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni èyí, kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin pé ẹni tí yóò bá ta kọfí tàbí kòkó ní ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ fi hàn lórí àwòrán ilẹ̀ ibi tí a ti gbìn ín, àti pé kì í ṣe igbó tí a wó lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ayé ń tọ̀ ti hàn. Oko kọfí kan ní Kpalimé, tàbí ní agbègbè Volta, tàbí ní ilẹ̀ Okun nítòsí Kàbà, yóò ní láti wà nínú ètò kọ̀ǹpútà kí èso rẹ̀ tó lè wọ ọjà náà. Bí ètò náà bá sọ ààlà oko nù, tàbí tí ó kọ orúkọ àgbẹ̀ sí òdì, tàbí tí ó kú nítorí pé àdéhùn alágbàṣe ti parí, oúnjẹ ọmọ ẹlòmíràn ni ó sọnù yẹn. Àgbẹ̀ kò ní í mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Yóò kàn gbọ́ pé a kò ra kọfí rẹ̀ ní ọdún yìí.

Kí ni ó wá yẹ kí á ṣe? Àwa rí ohun mẹ́ta tí ó yẹ kí ìjọba Ghana, ìjọba Nàìjíríà, àti ìjọba gbogbo ilẹ̀ wa fi ọwọ́ mú. Èkínní, kí wọn má ṣe tọwọ́ bọ àdéhùn ètò kọ̀ǹpútà kankan tí kò fún orílẹ̀-èdè ní ẹ̀tọ́ láti ní àkọsílẹ̀ rẹ̀ gbogbo, gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe èbúté ti ń fi àwòrán ilé sílẹ̀ fún onílé. Èkejì, kí a yan àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ti iṣẹ́ ìtọ́jú láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kí a sì san owó tí ó tó fún wọn kí wọn má baà ṣí lọ. Ẹ̀kẹta, kí owó ìtọ́jú wà nínú ìṣirò owó ọdọọdún, lábẹ́ orúkọ tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Sí ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ wa tí ó kù. Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ tí ó bá dá ohun tuntun ni a ń pàtẹ́wọ́ fún. Ọmọ tí ó tún ti àtijọ́ ṣe kò rí ẹni wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe ní òde. Àwọn fítà tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní Suame Magazine ní Kumasi ti ní òkìkí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú lójú ọ̀nà sì mọ iyì wọn. Ẹ jẹ́ kí á fi irú iyì kan náà fún àwọn tí ń tún ètò kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹ fún àwọn ọmọ yín ní ètò tí àwọn ọmọ kíláàsì tí ó ṣáájú wọn kọ, ìbáà ṣe ètò kékeré fún àwọn olùfẹ́ kọfí tàbí fún ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́. Kí wọn kà á, kí wọn mọ ìdí tí a fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí wọn rí àléébù rẹ̀, kí wọn sì fi í sílẹ̀ ní ipò tí ó sàn ju bí wọ́n ti bá a lọ. Ẹni tí ó bá kọ́ irú sùúrù yìí lórí ohun kékeré ni a lè fi èbúté lé lọ́wọ́.

Àwọn baba wa jà kí àsíá wa lè fẹ́ lórí èbúté wa, wọ́n sì borí. Ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ kì í ṣe òkúta àti irin nìkan. Ẹ̀tọ́ láti pàṣẹ ní ibodè ara wa ni. Ṣùgbọ́n ibodè ti kúrò ní ojú ilẹ̀, ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà lọ, bí a kò bá sì tẹ̀lé e débẹ̀, àsíá nìkan ni yóò kù lọ́wọ́ wa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nígbà mìíràn tí a bá pè wá síbi ayẹyẹ ètò tuntun kan, ní Tema tàbí ní Apápá, kí olúkúlùkù wa jẹ́ kí olóyè gé okùn rẹ̀ tán, kí ó sì nàró béèrè pẹ̀lú ìtẹríba pé: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?